Ara Tí Kò Tíì Gbà Pé Ewu Ti Kọjá

Ẹ̀yin tí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí láìpẹ́ yìí, tẹ́ ẹ ṣì ń gbé e kiri, ẹ kú ìrọ́jú. Torí tiyín gan-an ni mo ṣe wá sórí afẹ́fẹ́ lónìí.

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ibi tí ẹ̀rù àti ìbànújẹ́ máa ń lúgọ sí lára èèyàn nígbà tí àlàyé ti tán lẹ́nu, àti lórí ìtọ́jú kan tó jẹ́ pé láti ara ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àwọn kan ń gbé e gẹ̀gẹ̀ bí ẹni pé kò sí àìsàn tí kò lè wò, àwọn mìíràn ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Ibi tí ẹ̀rí bá dé ni èmi náà máa dúró.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Abẹ́òkúta. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro, gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 1960 lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn ọmọ náà á jókòó ti ìwé, orí wọn á máa gbóná, nǹkan á máa rìn wọ́n lórí, ọrùn á máa ro wọ́n, ojú á ṣú, ohun tí wọ́n ń kà ò sì ní wọlé. Wọ́n ní ọpọlọ ló rẹ àwọn, wọ́n ń pè é ní “brain fag”, orúkọ yẹn ni Prince sì lò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé odidi ẹbí ló dáwó jọ kí wọ́n tó lè dé ilé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ojú gbogbo ilé ló máa tì.

Ní ọdún 1987, Roger Makanjuola, dókítà ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, kọ̀wé nípa ọdẹ orí. Ẹ̀yin àgbà mọ ọdẹ orí dáadáa: nǹkan á máa rìn lágbárí, etí á máa hó, àyà á máa lù kìkìkì, oorun á sì di àwátì. Nígbà tó yẹ àwọn tó ń ṣe wò, ó rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì tó jinlẹ̀ tàbí àníyàn tí kò dáwọ́ dúró ló wà ní ìdí rẹ̀ lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ìgbà kan wà tí àwọn onímọ̀ kan láti òkè òkun ń sọ pé aláwọ̀ dúdú ò mọ bí a ṣe ń ṣàlàyé ìbànújẹ́, pé ìdí nìyẹn tó fi ń pariwo orí àti àyà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo kà á, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2014, Lauri Nummenmaa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Fínlándì fi àwòrán ara èèyàn síwájú àwọn 701 láti Fínlándì, Súwídìn àti Taiwan, wọ́n ní kí wọ́n fi àwọ̀ kun ibi tí ìbínú, ẹ̀rù, ìtìjú tàbí ayọ̀ ti ń ṣe wọ́n lára. Àwòrán wọn jọra gan-an. Ẹ̀rù kún àyà, ìbínú gba orí dé apá, ìrẹ̀wẹ̀sì sì sọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ di òkú. Nítorí náà, ìyá tó lọ bá dókítà pé “dókítà, nǹkan ń rìn mí lórí láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti kú”, òótọ́ ara rẹ̀ ló ń sọ, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Fínlándì náà ṣe sọ ọ́.

Báwo wá ni ìbànújẹ́ ṣe ń dé ara? Iṣan ìmọ̀lára ló ń gbé e débẹ̀, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tí ọpọlọ fi ń bá gbogbo ara sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló ń lọ lára wa tí a kì í pàṣẹ fún. Ọkàn ń lù, oúnjẹ ń dà, òógùn ń jáde, yálà a sùn tàbí a jí. Ẹ̀ka iṣan méjì ló ń bójú tó wọn. Ọ̀kan ń ta ara jí, èkejì ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Èyí tó ń ta ara jí ni Walter Cannon, olùkọ́ ní yunifásítì Harvard, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lé lórí. Ó ń fi X-ray wo inú ológbò láti mọ bí oúnjẹ ṣe ń dà, ló bá ṣàkíyèsí pé bí ẹ̀rù bá ti ba ológbò náà tàbí tí inú bí i, agbẹ̀du rẹ̀ á dúró gbọnin. Ó tọpa ohun kékeré yìí títí tó fi kọ ìwé jáde ní 1915, tó ṣàlàyé bí ara ṣe ń múra láti jà tàbí láti sá nígbà tí ewu bá yọjú. Ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á sáré, ọmọlójú á fẹ̀, itọ́ á gbẹ lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ á kúrò nínú ìfun, á rọ́ lọ sí ẹsẹ̀ àti apá. Kí èèyàn tó ronú kan rárá, ara ti ṣe gbogbo èyí tán.

Ẹ̀ka kejì, èyí tó ń rọ̀ wá sílẹ̀, ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Iṣan gígùn kan tí wọ́n ń pè ní vagus ni olórí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló ti yọ, ó gba ọrùn lọ sí ọ̀fun, ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, títí dé ìfun. Bí ọkàn bá dá wà láìsí iṣan kankan tó ń darí rẹ̀, yóò máa lù tó ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ ló sì ń rí lára àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún, torí pé iṣẹ́ abẹ ti gé iṣan náà. Tiwa tó ń lù bí ìgbà 70 nígbà tí a bá jókòó jẹ́jẹ́, vagus ló ń tẹ bíréèkì fún un ní gbogbo ìgbà.

Òru ọjọ́ kan ni ọ̀kan nínú àṣírí iṣan yìí tú. Otto Loewi, tó ń kọ́ni ní ìlú Graz ní ilẹ̀ Ọ́sítríà, lálàá ní nǹkan bí 1921, ó jí, ó kọ nǹkan sórí bébà, ó sùn padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè ka ohun tó kọ. Ní òru ọjọ́ kejì, àlá náà padà wá. Kò dúró kọ nǹkan kan mọ́, yàrá ìwádìí ló forí lé. Ó gbé ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ méjì sínú omi iyọ̀, ó ta vagus ti àkọ́kọ́ jí, ọkàn náà falẹ̀. Ó wá bu omi tó wà lára rẹ̀ sára ọkàn kejì tí kò ní iṣan kankan. Ìyẹn náà falẹ̀! Bí ayé ṣe mọ̀ nìyẹn pé iṣan ìmọ̀lára ń tú èròjà kan jáde, tó ń sọ fún ọkàn pé kó rọra. Ní 1936, Loewi àti Henry Dale jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí.

Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín kan án. Ẹni tó ń wakọ̀ kó má dán an wò o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó, ẹ fi ìka sí ọrùn ọwọ́ níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ kúlúkúlú. Ẹ fa èémí sínú. Ọkàn á yára díẹ̀. Ẹ wá tú u jáde, ẹ jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe fà á lọ. Ọkàn á falẹ̀. Bíréèkì yẹn lẹ ń gbọ́.

Ohun kan tún wà nípa vagus tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Nínú gbogbo okùn tó para pọ̀ di iṣan náà, nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló ń gbé ìròyìn láti inú ara lọ sí ọpọlọ. Díẹ̀ tó kù ló ń gbé àṣẹ bọ̀ láti ọpọlọ. Nígbà tí a bá ń sọ fún ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n pé “fọkàn balẹ̀, kò sí nǹkan kan”, ọpọlọ rẹ̀ ń gbọ́ wa, ṣùgbọ́n ìròyìn tó ń ti àyà àti inú rẹ̀ gòkè ń sọ nǹkan mìíràn. Inú rẹ̀ ń dà rú, ọ̀fun rẹ̀ fún pọ̀, èémí rẹ̀ kúrú. Ta ni kó gbàgbọ́?

Àwọn baba wa ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àwọn adigunjalè dá arìnrìn-àjò kan lọ́nà, tí wọ́n yìnbọn lójú rẹ̀. Ó délé, ó dúpẹ́, ó ṣe sàráà. Oṣù mẹ́fà kọjá, táyà ọkọ̀ bẹ́ ládùúgbò, ọkùnrin yìí ti dojú bolẹ̀ lábẹ́ tábìlì kó tó mọ̀. Kò sí ẹni tó lè fi àlàyé mú un kúrò níbẹ̀. Nígbà tí irú ìpayà bẹ́ẹ̀ kò bá lọ, àìsàn gidi ni. Àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ àìsàn wọn ní ọdún 1980, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun tó ti Vietnam dé ti jẹ palaba ìyà.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí kò jà, tí kò sì sá. Ìgbà mìíràn wà tí ìpayà bá pọ̀ jù, tí ara á kàn gan pa. Ohùn ò ní jáde, ọwọ́ ò ní gbé, ojú á là sílẹ̀ kedere. Ní ìlú Stockholm, àwọn oníṣègùn bi àwọn obìnrin 298 tó wá gba ìtọ́jú lẹ́yìn ìfipábánilòpọ̀ bí ó ṣe rí lára wọn lásìkò náà. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2017, 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ara àwọn gan, tí àwọn ò lè mira. Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àlùfáà, àtẹ̀yin adájọ́ tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ìbéèrè tí à ń bi ọmọbìnrin nílẹ̀ yìí pé “ṣé o ò ní ẹnu láti fi pariwo ni?”, ìkà ni. Ara rẹ̀ ló gba ìṣàkóso lọ́wọ́ rẹ̀. Gígan tó gan kì í ṣe ìfọwọ́sí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lò ó láti dá a lẹ́bi.

Ní báyìí, ìtọ́jú náà. Wilhelm Reich, ọmọ ilẹ̀ Ọ́sítríà tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Freud oníṣègùn ọkàn, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ pé èèyàn máa ń di ìrora inú mọ́ iṣan ara, sí àgbọ̀n, èjìká àti àyà. Òye yẹn dára. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó ń ta àpótí kan tó ní ó ń kó agbára ìwòsàn jọ. Ìjọba Amẹ́ríkà gbé e lọ sílé ẹjọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló sì kú sí ní 1957. Mo sọ ìtàn yìí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé nínú iṣẹ́ yìí, ó ti pẹ́ tí òótọ́ àti àròsọ ti ń jọ rìn. Edmund Jacobson, dókítà kan ní Chicago, gba ọ̀nà tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1929: kí èèyàn fún iṣan ara kan pọ̀, kó di í mú díẹ̀, kó wá tú u sílẹ̀, kó lọ sórí òmíràn. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń lò ó ní ilé ìwòsàn.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ gbilẹ̀ jù lóde òní ni Peter Levine, ọmọ Amẹ́ríkà. Ó sọ nínú ìwé tó kọ ní 1997 pé ní ọdún 1969, wọ́n mú obìnrin kan wá bá òun, tí ìpayà ò jẹ́ kó lè jáde nílé. Bí ó ṣe ń kọ́ ọ láti sinmi, ìpayà ńlá gbé obìnrin náà. Levine fojú inú rí ẹkùn, ló bá kígbe pé ẹkùn ń lé e bọ̀, kó sáré! Ẹsẹ̀ obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó gbọ̀n, ó sunkún, ó sì rántí ìgbà tó wà lọ́mọdé tí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ láti gé nǹkan nínú ọ̀fun rẹ̀. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá láti ìgbà náà. Levine fúnra rẹ̀ gbà pé òun ì bá ti ṣe obìnrin náà léṣe lọ́jọ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi yí ọ̀nà rẹ̀ padà sí ti ìrọ̀rùn, tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kan ohun tó ń dunni.

Bí ẹnì kan bá lọ sọ́dọ̀ irú oníṣègùn bẹ́ẹ̀ lónìí, wọn ò ní sọ pé kó ka gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Oníṣègùn á bi í pé: níbo lára rẹ ló ti ń ṣe ọ́? Ṣé ó gbóná ni àbí ó wúwo? Bó bá ní àyà òun fún pọ̀, wọ́n á dúró tì í níwọ̀nba. Wọ́n á tún ní kó wá ibi tí kò sí ìnira lára rẹ̀, bóyá àtẹ́lẹsẹ̀ tó tẹ ilẹ̀, bóyá ẹ̀yìn tó fara ti àga. Á lọ, á bọ̀, láàárín ibi tó ń dùn ún àti ibi tó tura. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá fẹ́ ti nǹkan sẹ́yìn, wọ́n á jẹ́ kó tì í, jẹ́jẹ́. Gbígbọ̀n tó bá dé, wọ́n á jẹ́ kó gbọ̀n. Ara ń kọ́ láti mọ̀ pé òun lè gbóná kí òun sì tún tutù padà.

Ǹjẹ́ ó ń ṣiṣẹ́? Ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, Danny Brom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àwọn 63 tó ní àìsàn ìpayà yìí sí méjì. Apá kan gba ìtọ́jú Levine lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15, apá kejì dúró de tiwọn. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé ara àwọn tó gba ìtọ́jú yá gan-an ju ti àwọn tó ń dúró lọ. Bessel van der Kolk, dókítà ọpọlọ tó kọ ìwé tó lókìkí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, dán yoga wò ní tirẹ̀. Àwọn obìnrin 64 tí ìtọ́jú tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ ò tíì wò sàn ló lò, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Níparí, 16 nínú 31 tó ṣe yoga ni wọn ò lè pè ní aláìsàn náà mọ́. Nínú àwọn tó kàn gba ẹ̀kọ́ ìlera, 6 nínú 29 ni.

Ohun tó dára ni èyí, ṣùgbọ́n ó kéré. Èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta kì í ṣe ìlú, kí ara ẹni tó gba ìtọ́jú sì yá ju ti ẹni tí kò gba nǹkan kan lọ kò tíì sọ pé ó dára ju ìtọ́jú mìíràn. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2013, lára àwọn ìtọ́jú tó gbà wá nímọ̀ràn ni èyí tí aláìsàn ti ń kojú ìrántí rẹ̀ tó sì ń yẹ èrò rẹ̀ wò, àti èyí tí ojú rẹ̀ ti ń tẹ̀lé ìka oníṣègùn bó ṣe ń rántí. Bákan náà, àlàyé tí Stephen Porges ti ń ṣe nípa vagus láti 1994, pé iṣan náà pín sí àtijọ́ àti tuntun tó ń darí ìbẹ̀rù àti ìbárẹ́, ọ̀pọ̀ oníṣègùn ọkàn ló fẹ́ràn rẹ̀, àwọn onímọ̀ nípa ara kan sì ti ta kò ó pẹ̀lú ẹ̀rí. Ẹni tó bá fi ìdánilójú tà á fún yín, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ìdájọ́ tèmi ni pé ọ̀nà ara yẹ kó wà nínú ìtọ́jú, ní ẹ̀gbẹ́ oògùn àti ọ̀rọ̀ sísọ, lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ yanjú.

Ìtọ́jú tó jẹ́ pé wíwà nítòsí ẹlòmíràn ló ń tu ara aláìsàn lára náà kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní Aro ní 1954, kò ti aláìsàn mọ́lé. Abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ni wọ́n ń sùn, wọ́n ń wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ, aláìsàn kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ mú ìbátan kan dání tí á máa se oúnjẹ fún un, tí á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 2006, James Coan ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn obìnrin 16 tó lọ́kọ bí wọ́n ṣe ń retí kí iná gbé wọn díẹ̀. Nígbà tí ọkọ di ọwọ́ wọn mú, ibi tó ń ké ewu nínú ọpọlọ rọlẹ̀, ó sì rọlẹ̀ jù lọ lára àwọn tí ìgbéyàwó wọn dùn. Bí mo ṣe ń ka iṣẹ́ Coan, ìbátan tó ń dáná ní Aro ni mo ń rò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí àyà bá ń já, tí orí ń rìn, tí oorun ò wá, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n wo bóyá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, kí wọ́n wo ọkàn àti etí. Àìsàn ara lè fara jọ ìpayà gan-an. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé irọ́ lẹ ń pa. Ẹ béèrè dókítà ọpọlọ, ní Aro, ní Yaba, ní UCH Ìbàdàn, tàbí ní ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ronú àtipa ara rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ lónìí.

Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ lè máa mí báyìí ní alaalẹ́: ẹ ka ení dé ẹ̀rin bẹ́ ẹ ṣe ń fa èémí sínú, ẹ ka ení dé ẹ̀fà bẹ́ ẹ ṣe ń tú u jáde. Èémí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Kò wo ìpayà ńlá sàn, ṣùgbọ́n ó ń tẹ bíréèkì ọkàn.

Ẹ má sì fi ipá mú ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí láti rojọ́ rẹ̀ níwájú ìjọ tàbí ẹbí. Ìwé ìtọ́ni tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2011 fún àwọn tó ń ṣèrànwọ́ níbi àjálù kìlọ̀ pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ wá ibi ààbò fún un, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin tó bá ń sunkún, ẹ jẹ́ kó sunkún. Bí ọjọ́ tí yóò lọ rí dókítà bá sì pé, ẹ bá a lọ.